Bí Mo Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Fi Ìtọ́jú Pa Kọ̀ǹpútà Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà kò ṣe é sọ dọ̀tun, irọ́ ló pa. Ó ṣe é sọ dọ̀tun dáadáa, kódà láìpààrọ̀ Windows inú rẹ̀. Ohun tí kò dára ni pé kó jẹ́ èmi ni yóò sọ ọ́ dọ̀tun. Owó, ìtìjú àti ẹ̀bẹ̀ ni mo fi kọ́ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, nínú ìlú Ọ̀tan Ayégbajú níbi tí gbogbo èèyàn ti mọ̀ mí sí Tíṣà, tí wọ́n sì gbà tẹ́lẹ̀ pé Tíṣà kì í ṣàṣìṣe.

Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni, kì í ṣe alágbèéká. Tòkunbọ̀ ni. Mo rà á nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, kí n lè máa fi tẹ ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpè ìgbéyàwó àti àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́. Ìlú wa ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró, nítorí náà iṣẹ́ kì í wọ́n. Àwọn ará Ìrẹ̀sì àti Ìgbájọ náà máa ń gbé tiwọn wá. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná àlòkù ló ń wọ Nàìjíríà lọ́dún nígbà náà, àti pé inú ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n ti ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wọlé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yìn bọ́ọ̀tù ọkọ̀ kan ni tèmi gbà dé. N kò bi í. Àlejò tó bá ti dé láyọ̀, a kì í bi í léèrè ibi tó sùn lójú ọ̀nà.

Windows 7 ló wà nínú rẹ̀, èyí tí Microsoft gbé jáde lóṣù kẹwàá 2009. RAM rẹ̀, ìyẹn àyè tí ètò máa ń lò bó bá ń ṣiṣẹ́, kò ju gígábáìtì 2 lọ. Nígbà tí a kọ́kọ́ pàdé, ó máa ń dáhùn kí n tó pè é tán. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ láàárọ̀, mo lè lọ wẹ̀, kí n jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, kí n bá aládùúgbò ṣe ẹjọ́ ewúrẹ́ tó jẹ ẹ̀fọ́ mi, kí a parí ẹjọ́ náà, kí n sì padà wọlé wá bá a níbi tó ti ń kí mi káàbọ̀.

Àwọn ọmọ ní kí n pààrọ̀ Windows. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí ọjọ́ 14 oṣù kìn-ín-ní 2020 ni Microsoft dẹ́kun àtìlẹ́yìn fún Windows 7. Ṣùgbọ́n Windows 11 ń béèrè gígábáìtì 4 RAM, ó kéré tán, ó sì tún ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, èyí tí kọ̀ǹpútà tèmi kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Windows 10 tí ì bá gbà á, àtìlẹ́yìn tirẹ̀ náà dópin lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Lékè gbogbo rẹ̀, píríńtà mi kò ní ètò tó lè bá Windows kankan tó dé lẹ́yìn 7 sọ̀rọ̀. Píríńtà yẹn ló ń bọ́ mi. Mo wá pinnu pé Windows kò ní yí. Ohun gbogbo tó yí i ká ni màá tún ṣe.

Ojú kọ̀ǹpútà ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán kéékèèké kún ibẹ̀ débi pé n kò rí ẹ̀yìn wọn mọ́. Èrò mi ni pé àwọn ni ẹrù tó wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo bá jókòó, mo ń pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, inú mi sì ń dùn pé ara ń fúyẹ́ ọmọ olóore. Àṣé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe nǹkan gidi. Àmì àbùjá lásán ni wọ́n, tó ń tọ́ka sí ibi tí ètò tàbí fáìlì wà. Bí ẹ bá pa á rẹ́, ohun tó ń tọ́ka sí ṣì jókòó síbi tó wà, ó ṣì ń gba gbogbo àyè tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Ara kò fúyẹ́ kọ̀ǹpútà rárá. Èmi ni mi ò mọ ibi tí Word tí mo fi ń tẹ̀wé wà mọ́.

Ìyàwó mi rí mi tí mo ń tẹ ibí, tí mo ń tẹ ọ̀hún.

“Bàbá Ìbejì, kí lẹ ń wá láti àárọ̀?”

“Word ni.”

“Ẹ wò ó lábẹ́ ìrọ̀rí. Ibẹ̀ la ti rí awò ojú yín lánàá.”

Kí n tó pa ìyókù rẹ́, mo dá ọgbọ́n kan. Mo kó gbogbo àmì tó jẹ mọ́ iṣẹ́ àwọn oníbàárà sínú flash, mo so flash náà mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé, mo sì ń yangàn kiri pé ohun tó bá wù kó ṣẹlẹ̀ kó ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ mi ti wà níbi méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi flash yìí sọ́kàn.

Lẹ́yìn náà ni mo rí ìpolówó ètò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó ṣèlérí pé òun yóò mú kọ̀ǹpútà mi sáré. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n ní. Mo fi dátà fóònù mi gbé e wọlé. Ó yẹ kọ̀ǹpútà wò, ó sì kéde pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àṣìṣe ló wà nínú rẹ̀, ó fi pupa kọ gbogbo wọn. Àyà mi já. Mo ní kó bá mi tún wọn ṣe. Ó ní kí n kọ́kọ́ san dọ́là. Yíyẹ̀ ẹ́ wò ló jẹ́ ọ̀fẹ́. Kò tán síbẹ̀: ó ti pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé. Òmíràn ń sọ ojú ọjọ́ ìlú kan tí n kò dé rí, òmíràn gba ipò Google lọ́wọ́ Google, òmíràn ń fò jáde ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú láti sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà mi ń lọ́ra.

Ọmọ àbúrò mi tó ń kàwé ní Pólì Ìrèé ló wá lé wọn jáde nígbà tó wálé lópin ọ̀sẹ̀. Ó fi ibi tí wọ́n ti ń jí hàn mí. Ètò tó bá ti forúkọ sílẹ̀ láti máa jí pẹ̀lú Windows, yálà mo pè é tàbí n kò pè é, yóò wá gba ìjókòó tirẹ̀ nínú RAM. Bí RAM bá kún, Windows á máa lo hard disk dípò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ hard disk kò yára tó RAM rárá. Ibẹ̀ ni ìlọ́ra ti ń wá. Ọmọ náà mú àmì kúrò níwájú orúkọ àwọn tí kò wúlò, kò sì ná kọ́bọ̀. Mo bi í pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àṣìṣe yẹn ńkọ́. Ó ní, “Dádì, ẹ gbàgbé ìyẹn.”

Kó tó padà sílé ẹ̀kọ́, ó kìlọ̀ fún mi pé ooru náà wà lára ohun tó ń yọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu. Ó ní kí n ṣí i, kí n fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ gbá eruku inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà máa ń gbóná bó bá ń ṣiṣẹ́. Irin kan wà lórí rẹ̀ tó ń gba ooru náà, fáànù kan sì wà lórí irin yẹn tó ń lé ooru jáde. Bí eruku bá dí àárín irin náà pa, ooru kò ní rọ́nà lọ, ọpọlọ á sì fúnra rẹ̀ dín eré kù kó má baà jóná. Àárín òkè ni Ọ̀tan wà, bí ọyẹ́ bá sì dé, eruku pupa máa ń wọ ibi tí olè kò lè wọ̀.

Mo tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ju eruku lọ. Ẹyin ọmọńlé wà níbẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ wà níbẹ̀. Òkú aáyán wà níbẹ̀ pẹ̀lú èèpo ẹ̀pà tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbà pé òun mọ̀ nípa rẹ̀. Mo wo eruku, mo wo búrọ́ọ̀ṣì, mo rí i pé ìjà náà kò dọ́gba. Ìgbà yẹn ni mo rántí fọ́gànáísà tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan, mo wọ ọ̀kadà, ó di ọ̀dọ̀ fọ́gànáísà. Ó ń tú táyà lọ́wọ́. Ó wo ohun tí mo gbé wá, ó wo ojú mi.

“Tíṣà, ẹ kú àárọ̀. Ṣé ó jò ni?”

“Kò jò. Eruku ló wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí o fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ.”

“Kí n fẹ́ ẹ dé mélòó?”

“Sáà máa fẹ́ ẹ títí yóò fi mọ́.”

Àwọn tó ń kọjá lọ dúró. Fọ́gànáísà tan ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi ẹnu rọ́bà sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́. Eruku tó jáde níbẹ̀, n kò rí irú rẹ̀ rí. A kò rí ara wa mọ́. Ìyá ẹlẹ́kọ tó pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ kò rí ẹ̀kọ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó rí mi, ó sì bá mi sọ ọ̀rọ̀ tí wọn kì í bá Tíṣà sọ. Fáànù inú kọ̀ǹpútà gbéra, ó ń yí, ó ń hu. Mo pàtẹ́wọ́. N kò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, mo sì rò pé ìlera ló padà.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé atẹ́gùn tó le tó bẹ́ẹ̀ ń mú fáànù náà sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Ó lè ṣẹ́ apá rẹ̀, ó sì lè ba ibi tó ń yí lé jẹ́. Bí èèyàn bá tilẹ̀ fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i, ìka ló yẹ kó fi di fáànù mú kó má yí. Ohun kejì tí n kò mọ̀ ni pé omi máa ń gbára jọ sínú táńkì ẹ̀rọ táyà. Omi yẹn kò ṣe táyà ní nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe táyà.

Mo gbé e délé, mo tẹ bọ́tìnnì. Kò dáhùn. Ìyàwó mi yọjú láti ilé ìdáná.

“Bàbá Ìbejì, ṣé ó ti mọ́?”

“Ó ti mọ́.”

“Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?”

“Ó ti mọ́.”

Nígbà tí ọmọ náà tún wálé, ó bá apá fáànù kan tó ti ṣẹ́, ó bá omi lára pátákó ńlá inú rẹ̀, ó sì bá wáyà bọ́tìnnì tó ti fò kúrò níbi tó yẹ kó wà. Ó dúpẹ́ pé kọ̀ǹpútà náà kò tàn nígbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ó jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ó ra fáànù mìíràn, ó nu ògbólógbòó ọ̀dà tó wà láàárín ọpọlọ àti irin ooru kúrò, ó fi tuntun sí i. Ọ̀dà yẹn ló ń mú kí ooru kúrò lára ọpọlọ bọ́ sára irin. Bó bá ti gbẹ, fáànù ń fẹ́ lásán ni. Èmi ní tèmi lọ san owó ẹ̀kọ.

Ó wá kan RAM. Ọmọ náà kọ irú tí kọ̀ǹpútà náà ń lò sínú ìwé fún mi. Mo fi ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì, mo wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo, mo sọ̀ nítòsí oríta Ọláìyá, mo wọ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ kí mi dáadáa.

“Bàbá, irú RAM wo lẹ fẹ́?”

“Ti kọ̀ǹpútà.”

“Ṣé DDR2 ni àbí DDR3?”

Ìtìjú kò jẹ́ kí n pe ilé. Mo ronú pé mẹ́ta ju méjì lọ. Mo ní kó fún mi ní mẹ́ta.

Mo délé, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo fẹ́ tì í sí àyè rẹ̀. Kò wọlé. Gígùn DDR2 àti DDR3 dọ́gba, eyín ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 240, ṣùgbọ́n kòtò kékeré tó wà láàárín eyín náà kò sí lójú kan náà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ni, kí irú èèyàn mi má baà ki ọ̀kan bọ inú èkejì. Èmi gbà pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ṣèèṣì. Mo lọ mú ayùn irin wá kí n bá wọn tún kòtò náà gbẹ́. Ìyàwó mi gba ayùn lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Bí bàtà kò bá wọ ẹsẹ̀ yín, ṣé ẹsẹ̀ lẹ ó gé?”

Mo padà sí Òṣogbo. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá mi pààrọ̀ rẹ̀, mo fowó lé e, nítorí DDR2 ti wọ́n lọ́jà. Èyí wọlé wẹ́rẹ́. Gígábáìtì 2 méjì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4. Mo tan kọ̀ǹpútà, mo lọ wo ibi tó ti ń kọ iye rẹ̀. Ó kọ 4, ṣùgbọ́n ó fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé 3.25 péré ló ṣe é lò. Ojú mi pọ́n. Mo ní ọmọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ti rẹ́ mi jẹ. Mo tún wọ mọ́tò, mo wọ ṣọ́ọ̀bù náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn tí mo fi ń lé ọmọ wọ kíláàsì sọ̀rọ̀, gbogbo oníbàárà ń gbọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò bínú. Ó yí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sí mi, ó ní kí n wò ó: 4, èyí tó ṣe é lò 3.25. Ó ṣàlàyé pé Windows oní-bíìtì 32 kò lè ka àyè tó ju gígábáìtì 4 lọ, àti pé inú àyè 4 yẹn náà ni àwọn ẹ̀yà mìíràn, pàápàá èyí tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, ti ń gba ìpín tiwọn. Ẹnikẹ́ni kò jí i. Mo tọrọ àforíjì, mo ra mínírà fún un. Àwọn oníbàárà tó kù ní kí n ra tiwọn náà.

Gbogbo ìgbà tí èyí ń lọ, aago kọ̀ǹpútà ti ń ṣe wèrè, n kò sì fiyè sí i. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ tí wọ́n dá a padà, aago á padà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní 2009. Mo kàn rí i pé ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì kò gbà mí wọlé mọ́. Gbogbo wọn ń kìlọ̀ pé ìsopọ̀ náà kò ní ààbò. Mo gbà pé àwọn ayé ló wà nídìí rẹ̀. Kò sí ayé kankan nídìí rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí tí ojú òpó kọ̀ọ̀kan ń fi hàn ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Lójú kọ̀ǹpútà tó gbà pé 2009 la wà, ìwé ẹ̀rí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ibi tó ti dójú tì mí ni ìwé ètò ìsìnkú. Ìdílé kan gbéṣẹ́ ìyá wọn wá. Mo ní kí Word fúnra rẹ̀ fi ọjọ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́, nítorí ọjọ́ Ẹtì tí mo ń tẹ̀ ẹ́ náà ni ọjọ́ ìsìnkú. Mo tẹ̀ ẹ́, mo dì í, mo gbé e lọ. Ojú ìwé ìta sọ pé ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní 2009 la sin Màmá. Ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ nínú ìwé kan náà sọ pé oṣù tó kọjá ló papò dà. Àkọ́bí olóògbé fara balẹ̀ kà á, ó gbé ojú sókè.

“Tíṣà, ẹ ti sin ìyá wa kó tó kú.”

Mo tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ti ń kọ orin ìkẹyìn nígbà tí mo dé.

Bátìrì pẹlẹbẹ kékeré kan ló fà á, CR2032 tí agbára rẹ̀ jẹ́ fóòtì 3, tó wà lára pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà. Òun ló ń bá aago rìn nígbà tí iná kò bá sí, bó bá sì dàgbà, ó máa ń kú. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún aago ọwọ́ ṣe ni mo ti rí i rà. Nínú gbogbo ohun tí mo náwó sí, òun ló pọ́ọ́kú jù, òun náà ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ rà.

Èyí tó kù ni àgbà gbogbo wọn. Ọmọ náà ní ohun tó máa mú kọ̀ǹpútà náà padà di ọmọdé ni SSD. Hard disk àtijọ́ ní àwo irin tó ń yí nínú rẹ̀. Tèmi ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, apá kékeré kan sì ń sáré kiri lórí rẹ̀ láti wá ohun tí mo béèrè. SSD kò ní ohun tó ń yí, kò ní apá tó ń sáré. Bí a bá ti béèrè, ó ti dé. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kí a da gbogbo ohun tó wà lórí ti àtijọ́ kọ sórí tuntun, títí kan Windows fúnra rẹ̀, láìyí ohunkóhun padà. Ètò tó ń ṣe é wà. Ọmọ náà ní kí n dúró de òun di ọjọ́ Sátidé.

N kò dúró. Mo so SSD mọ́ ọn, mo ṣí ètò náà. Ó bi mí pé èwo ni orísun, èwo ni ibi tí a ń kó ẹrù lọ. Kò pe ìkankan ní tuntun, kò pe ìkankan ní àtijọ́. Nọ́ńbà 0 àti nọ́ńbà 1 ló pè wọ́n. Mo fi ọgbọ́n orí yàn. Ó kìlọ̀ pé gbogbo ohun tó wà ní ibi tí a ń kó ẹrù lọ yóò pa rẹ́. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, kò ṣáà sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kíá, ó ti parí. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní SSD yìí yára lóòótọ́!

Kò ṣe é má yára. Òfìfo ló ń dà kọ. Tuntun tí kò ní nǹkan kan nínú ni mo fi ṣe orísun, orí èyí tí iṣẹ́ gbogbo ọdún ìfẹ̀yìntì mi wà ni mo sì da òfìfo náà lé. Nígbà tí mo tún un tàn, ojú rẹ̀ dúdú, ó ní òun kò rí Windows kankan.

Síbẹ̀ n kò bẹ̀rù. Nígbà tí ọmọ náà dé lọ́jọ́ Sátidé tó sì gbá orí mú, mo fi ìgboyà àgbà tú flash kúrò lára kọ́kọ́rọ́ ilé, mo nà án sí i. Mo ní, “A kì í bá àgbà láìgbọ́n.” Ó kì í bọ kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀. Gbogbo orúkọ iṣẹ́ mi jáde, ẹyọ kan kò yingin. Ó tẹ ọ̀kan. Kò ṣí. Ó tẹ òmíràn. Kò ṣí.

“Dádì, àmì àbùjá ni gbogbo wọn. Fáìlì kankan kò sí níbí.”

Ìyàwó mi tó jókòó síbẹ̀ kò sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, a sì ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ọmọ náà fi ètò tó ń wá fáìlì tó sọnù yọ àwọn kan nínú wọn jáde. Kì í ṣe gbogbo wọn, èyí tó sì jáde ti pàdánù orúkọ. Nọ́ńbà ló wà níbi orúkọ wọn. Mo níláti máa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó mọ̀ bóyá ìgbéyàwó ni tàbí ìsìnkú. Fún àwọn tí kò jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, mo ń tọrọ ẹ̀dà ìwé tí mo ti tẹ̀ fún wọn. Ní ilé kan, mo ní ọ̀rọ̀ ìwé ètò ìsìnkú bàbá wọn ni mo bá wá. N kò tíì sọ ìdajì rẹ̀ tí baálé ilé náà fi sáré wọlé, ó mú owó jáde, ó ń bẹ̀ mí pé kí n má bínú pé ó pẹ́. Mo ti gbàgbé pé ó jẹ mí lówó. Mo gba owó náà, mo sì tún gba ìwé.

Lórí SSD, ọmọ náà tún Windows 7 gbé kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó fi nọ́ńbà tó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ṣí i, ó sì fi CD píríńtà mi mú píríńtà bọ̀ sípò. Ní báyìí, bí mo bá tẹ bọ́tìnnì, n kò lè dé balùwẹ̀ kó tó ṣetán. Windows kan náà ni, píríńtà kan náà ni, Tíṣà kan náà ni. Ewúrẹ́ aládùúgbò ló jèrè rẹ̀, nítorí n kò ráyè ẹjọ́ láàárọ̀ mọ́.

Ibì kan wà tí ìtúnṣe kò dé, n kò sì ní tan yín jẹ. Windows 7 kò gba àtúnṣe ààbò mọ́, Google Chrome náà sì ti dúró lórí ẹ̀dà 109 fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Nítorí náà, n kì í fi kọ̀ǹpútà yìí ṣe ọ̀rọ̀ báǹkì, n kì í tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan sínú rẹ̀, mo sì ti yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé ló wà fún, ìwé ló ń tẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ra nǹkan tàbí gba owó, kó wá èyí tí Windows rẹ̀ ṣì ń gba àtúnṣe.

Ẹni tí tirẹ̀ bá sì jọ tèmi, bó ṣe yẹ kó tẹ̀ lé e nìyí: kó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku rẹ̀, kó wo bátìrì aago, kó dín ètò tó ń jí láàárọ̀ kù, kó tó ronú RAM àti SSD. Ohun kan ni kó máa ṣe lẹ́ẹ̀kan, kó lè mọ èyí tó wo àìsàn. Kó pe ọmọ tó mọ̀ ọ́n kó tó fọwọ́ kàn án, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ da iṣẹ́ yín kọ síbòmíràn, kí ẹ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kí ẹ sì ṣí i níbẹ̀. Bí kò bá ṣí, ẹ kò tíì dà á kọ.